Oògùn Ewéko àti Ìlera Àwọn Obìnrin: Èyí Tó Ń Ṣe Wá Lóore àti Èyí Tó Lè Pa Wá Lára

Bí a bá kírun Jímọ̀ tán, ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́ṣáláṣí wa ti di ọjà. A ó rí Habbatus-Saudaa nínú ike, hulbà nínú ọ̀rá, oyin, sánámakì, àti oríṣiríṣi ìyẹ̀fun tí wọ́n sọ pé ó ń wo àrùn mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjà, ìyá alágbo ti gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Lórí fóònù, ìpolówó kò jẹ́ ká gbádùn: èyí ń fọ ilé-ọmọ, èyí ń fa ikùn wọlé, èyí ń mú kí ọkọ má lè gbàgbé ìyàwó.

Bí a bá wò ó dáadáa, obìnrin ni wọ́n ń ta púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí fún. Kò sì yani lẹ́nu. Obìnrin ló ń ṣe nǹkan oṣù, òun ló ń lóyún, òun ló ń fún ọmọ lọ́mú, òun náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi léèrè nígbà tí ọmọ bá pẹ́ dé. Ibi tí àníyàn bá pọ̀ sí, ibẹ̀ ni ọjà máa ń yá.

Àpilẹ̀kọ yìí kò wá bú oògùn ìbílẹ̀. Ohun tó wà fún ni kí ìyá, bàbá, ìyàwó àti ìyá ọkọ mọ ohun tí wọ́n ń gbé sẹ́nu, kí wọ́n sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé ife náà kalẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé ewé kò lè pa ènìyàn lára?

A máa ń gbọ́ ọ gan-an pé, "Ewé lásán ni, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan." Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró. Bí ewé kò bá lè ṣe nǹkan kan nínú ara, a jẹ́ pé kò lè wo àìsàn kankan nìyẹn. Ara èèpo igi ni wọ́n ti rí kwínínì tí àwọn bàbá wa lò fún ibà. Artemisinin tó wà nínú oògùn ibà tí à ń lò lónìí, inú ewéko kan tí àwọn ará Ṣáínà ti mọ̀ láti ayé àtijọ́ ló ti wá. Tu Youyou, obìnrin tó ṣe iṣẹ́ ìwádìí náà, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015. Agbára wà nínú ewé. Ohun tó bá sì ní agbára láti wo ara sàn, ó ní agbára láti pa ara lára bí a bá ṣì í lò.

Ìyàtọ̀ pàtàkì tó wà láàárín àgbo àti oògùn ilé ìwòsàn ni ìwọ̀n. Iye tó wà nínú kóró oògùn kan náà ló wà nínú èkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ife àgbo ti òní kì í bá ti ọ̀la dọ́gba. Ewé tí wọ́n já nígbà òjò yàtọ̀ sí ti ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tó pẹ́ lórí iná yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló sì máa ń ṣiṣẹ́ lórí ohunkóhun tí a bá mu. Bí a bá ń da oríṣi mẹ́rin, márùn-ún lé wọn lórí lójoojúmọ́ fún oṣù púpọ̀, ó lè sú wọn.

Àwọn tí a mọ̀ jù nínú ilé Mùsùlùmí

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí Habbatus-Saudaa. Hádíìsì tó wá láti ọ̀dọ̀ Abū Hurayrah, tó wà nínú Bukhārī àti Muslim, fi hàn pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) yin èso yìí gidigidi gẹ́gẹ́ bí ohun ìwòsàn. A gba hádíìsì náà gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀, lára wọn ni al-Khattābī, ti ṣàlàyé pé bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ wá ní gbogbogbòò, àwọn àìsàn tó bá èso náà mu ló ń tọ́ka sí. Kò túmọ̀ sí pé kí á fi dípò ilé ìwòsàn nígbà gbogbo. Ìwádìí òde òní fi hàn pé ó lè mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá wálẹ̀ díẹ̀. Oore ni èyí. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tó tún wá ń mu ṣíbí ńlá òróró rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ jù, kí òòyì máa kọ́ ọ, kí ó sì ṣubú. Díẹ̀ tí a fi sínú oúnjẹ kì í ṣe wàhálà fún aláboyún. Ìwọ̀n ńlá bí oògùn ni kò yẹ kó lò.

Hulbà ni àwọn ìyá wa máa ń fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kí omi ọmú lè wá. Àwọn obìnrin kan rí àǹfààní rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwádìí tó wà lórí rẹ̀ kò tíì lágbára tó láti fọwọ́ sọ̀yà. Ohun tó dájú jù ni pé bí ọmọ bá ṣe ń mu ọmú dáadáa tó, tó sì ń mu ún lọ́sàn-án lóru, ni omi ọmú ṣe ń pọ̀ sí i. Hulbà náà máa ń mú ṣúgà wálẹ̀, ó lè fa inú ríro àti ìgbẹ́ gbuuru, ó sì ń mú kí òógùn àti ìtọ̀ máa rùn bíi ṣúgà tí wọ́n yọ́. Ẹni tí ẹ̀pà kì í bá lára mu gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, torí ìdílé ewéko kan náà ni wọ́n. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó bí oògùn, nítorí ó lè mú kí ilé-ọmọ máa sún kì.

Atalẹ̀ ní ẹ̀rí tó dára. Obìnrin tí èébì oyún ń dà láàmú lè rí ìrọ̀rùn nínú rẹ̀. Nǹkan bíi gíráàmù 1 lóòjọ́ ni ọ̀pọ̀ ìwádìí lò, ìyẹn díẹ̀ péré nínú tíì tàbí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n atalẹ̀ àti áyù ní ìwọ̀n púpọ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dì. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà.

Dàbínù kì í ṣe oògùn, oúnjẹ ni, àmọ́ ó yẹ ká dárúkọ rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ìtàn Màríyámù nínú Kùránì àti igi dàbínù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà ìrọbí. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí ní orílẹ̀-èdè Jọ́dánì tẹ àbọ̀ iṣẹ́ kan jáde lórí obìnrin 69 tó jẹ dàbínù 6 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú ọjọ́ ìbímọ wọn. Wọ́n fi wọ́n wé obìnrin 45 tí kò jẹ ẹ́. Ìrọbí àwọn tó jẹ dàbínù sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí pé wọ́n fi oògùn fà á. Ìwádìí kékeré ni, kò sì sí ewu nínú dàbínù díẹ̀. Aláboyún tí wọ́n ti sọ fún pé ṣúgà rẹ̀ ga nìkan ló yẹ kó kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì rẹ̀.

Zobo àti tíì náà wà níbẹ̀. Zobo ń mú ìfúnpá wálẹ̀. Ṣùgbọ́n òun àti tíì máa ń dí ara lọ́wọ́ láti gba áyọ́ọ̀nù tó wà nínú oúnjẹ. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù tó pọ̀, tàbí tó lóyún, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, kó má máa mu wọ́n pọ̀ mọ́ oúnjẹ tàbí mọ́ kóró áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Kó fi nǹkan bíi wákàtí kan tàbí méjì sí àárín wọn.

Oyún àti ìrọbí: ibi tí ewu pọ̀ sí jù

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ẹ̀yà ara ọmọ ń dá. Ohun tí ìyá bá mu lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Àgbo tó kan gógó, tí wọ́n fi ń wẹ inú tàbí tí wọ́n fi ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, sábà máa ń mú ìfun ṣiṣẹ́ agbára, ó sì lè jí ilé-ọmọ. Oyún lè bàjẹ́ látibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó gbé àgbo wá kò gbèrò ibi rárá.

Ó tún wà nínú àṣà wa pé kí á fún obìnrin ní àgbo kí ìrọbí lè yá. Ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra gidigidi níbí. Ní ilé ìwòsàn, bí wọ́n bá fẹ́ mú ìrọbí yá, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi oògùn rẹ̀ sí ara, wọ́n sì ń ka bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Bí ilé-ọmọ bá ń sún kì láìdáwọ́ dúró, ọmọ inú kò ní rí èémí gbà dáadáa, ilé-ọmọ fúnra rẹ̀ sì lè ya. Ewu yìí pọ̀ jù fún obìnrin tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún rí. Kò sí ẹni tó lè dá àgbo tó ti wọ ikùn padà.

Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí aláboyún máa lò lójoojúmọ́ rọrùn: áyọ́ọ̀nù mílígíráàmù 30 sí 60, pẹ̀lú folic acid máíkírógíráàmù 400. Ó dára kí obìnrin tó ń retí oyún ti bẹ̀rẹ̀ folic acid kí oyún tó dúró, torí pé ó ń dín àbùkù ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ ọmọ kù. Owó rẹ̀ kò ju ti ìgò àgbo díẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìbímọ, ọmú nìkan ni ìkókó nílò fún oṣù mẹ́fà. Àgbo tí a ń rọ sí i lẹ́nu, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì gbó tó láti ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tahnīk, kó lo dàbínù tó rọ̀ dáadáa, díẹ̀ péré. Kó má lo oyin, nítorí kòkòrò kan wà tó máa ń wà nínú oyin, tó lè fa àìsàn tó ń mú iṣan rọ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.

Àwọn oògùn "ìfúnra" àti kayan mata

Ìtìjú máa ń jẹ́ ká sá fún ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìtìjú kò gbọ́dọ̀ dí wa lọ́wọ́ ìmọ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń fi ewé, áyù, ìyẹ̀fun tàbí ọṣẹ sí ojú ara kí wọ́n lè tẹ́ ọkọ lọ́rùn, tàbí kí wọ́n lè "fọ àìsàn" jáde. Ọlọ́hun ti fi àwọn kòkòrò rere síbẹ̀ tó ń jẹ́ kí ibẹ̀ kan díẹ̀, èyí tó ń lé àwọn kòkòrò búburú jìnnà. Bí a bá fi nǹkan tó le síbẹ̀, awọ ara á bó, ààbò náà á lọ, àkóràn á sì rọrùn láti wọlé. Obìnrin náà á wá rí omi tó ń rùn àti yíyún, á tún ra oògùn mìíràn fún un. Omi lásán láti fọ ìta nìkan ló tó. Bí omi ara bá yí àwọ̀ tàbí tó bá ń rùn, àyẹ̀wò ni ọ̀nà àbáyọ.

Tíì ìfáyọ̀: ẹ̀kọ́ láti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin kan lọ sí ilé ìtọ́jú kan ní Brussels kí wọ́n lè fọn. Wọ́n fún wọn ní káṣù tí wọ́n fi ewéko Ṣáínà ṣe. Ewéko mìíràn ti wọ inú rẹ̀ dípò èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀. Èyí tó wọlé yìí, Aristolochia, ní májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ní ọdún 1993 ni àwọn dókítà kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Àwọn tí kíndìnrín wọn bàjẹ́ lé ní 100 nígbà tó yá, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kò tán síbẹ̀. Ní ọdún 2000, ìwádìí lórí 39 nínú wọn tí wọ́n ti yọ kíndìnrín wọn fi hàn pé 18 ti ní jẹjẹrẹ ní ọ̀nà ìtọ̀.

Ẹ wò ó: wọn kò mu májèlé mọ̀ọ́mọ̀. Ewéko ni wọ́n pè é, káṣù tó mọ́ ni wọ́n kó o sí. Ní Amẹ́ríkà náà, ìjọba fòfin de ephedra ní ọdún 2004 torí ohun tó ń ṣe fún ọkàn. Títí di òní, àwọn aláyẹ̀wò ṣì ń rí sibutramine, oògùn ìfáyọ̀ tí wọ́n ti kó kúrò lórí àtẹ níbẹ̀ ní ọdún 2010, nínú tíì àti káṣù tí wọ́n kọ "ewéko nìkan" sí lára. Tíì tó ń mú ènìyàn yàgbẹ́ kì í yọ ọ̀rá kúrò lára. Omi àti iyọ̀ ara ló ń kó jáde. Sánámakì náà rí bẹ́ẹ̀ bí a bá ń mu ún lójoojúmọ́: potassium inú ẹ̀jẹ̀ á dínkù, àárẹ̀ á dé, ọkàn lè máa lù ségesège.

Bí a bá da ewéko pọ̀ mọ́ oògùn ilé ìwòsàn

Ewéko kan tí wọ́n ń pè ní St John's wort wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn wa níbẹ̀ sì ń rà á fún ìbànújẹ́ ọkàn. Ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ oògùn mìíràn dànù. Nítorí èyí, kóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí àti èyí tí wọ́n ń fi sí apá lè má ṣiṣẹ́ mọ́, kí oyún tí a kò múra sílẹ̀ fún dé. Ó tún ń dín agbára oògùn HIV kù. Black cohosh tí àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dá ń lò fún ooru ara ti bá ẹ̀dọ̀ àwọn kan jà.

Ìlànà tó rọrùn ni pé kí á sọ gbogbo ohun tí à ń mu fún dókítà, kódà bí a bá mọ̀ pé ó lè bínú. Bí iṣẹ́ abẹ bá ń bọ̀, àwọn oníṣègùn tó ń fi oògùn múni sùn máa ń gbà wá níyànjú pé kí á dá ewéko dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Ọtí inú àgbo

Ọ̀pọ̀ àgbo ni wọ́n fi ògógóró rẹ. Ní ti ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ náà hàn kedere sí Mùsùlùmí. Ní ti ìlera, ọtí máa ń kọjá sí ara ọmọ inú, ó sì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Kò sí ìwọ̀n kankan tí a mọ̀ pé ó dára fún aláboyún. Ní ọdún 2015, àwọn ènìyàn kú ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Òǹdó nítorí ọtí ìbílẹ̀ tó ní methanol, májèlé tó ń fọ́ni lójú. Ẹ bi alágbo kí ẹ tó rà: "Ìyá, kí ni ẹ fi rẹ ẹ́, ṣé omi ni àbí ọtí?" Bí kò bá fẹ́ dáhùn, ẹ máa lọ.

Bí a ṣe lè mọ èyí tó yẹ ká rà

Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ẹ wo orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé nọ́ńbà náà kò túmọ̀ sí pé NAFDAC jẹ́rìí pé ó ń wo àìsàn tí wọ́n kọ síbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ oògùn ewéko, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ wò. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá àmì THR. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1994 kò béèrè pé kí ìjọba fọwọ́ sí sọ́pílímẹ́ǹtì kí wọ́n tó tà á, nítorí náà ojú ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ là.

Ẹni tó bá ní oògùn òun ń wo fáíbírọ́ìdì, àìríbímọ, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti jẹjẹrẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fura sí i.

Ìgbà tí kò yẹ ká dúró lórí àgbo

Ewu tó ń pa obìnrin jù nínú ọ̀rọ̀ yìí lè má jẹ́ májèlé inú ewé rárá. Ìdádúró ni. Kókó inú ọmú tó kéré lónìí, tó ṣeé yọ, tí a wá fi oṣù mẹ́jọ para pẹ̀lú ewé, ó lè ti tàn ká kí a tó dé ilé ìwòsàn. Ẹ tètè lọ bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí:

- kókó nínú ọmú, tàbí orí ọmú tó ń sun ẹ̀jẹ̀;
- ẹ̀jẹ̀ nígbà oyún, lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá;
- orí fífọ́ tó le, ojú tó ń ṣú, tàbí ọwọ́ àti ojú tó wú nígbà oyún;
- inú rírun lójijì ní ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí nǹkan oṣù kò wá;
- ojú tó pọ́n bí atalẹ̀ pupa, ìtọ̀ tó dúdú, tàbí ìtọ̀ tó dínkù lẹ́yìn tí ẹ mu oògùn ewéko.

Ẹ mú ike tàbí páálí ohun tí ẹ mu dání. Yóò ran dókítà lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọkọ, bí ìyàwó bá ní ara òun kò yá, ẹ má fi owó àgbo nìkan sílẹ̀, ẹ bá a lọ fún àyẹ̀wò. Bí ọmọ bá pẹ́ dé, ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ ṣe àyẹ̀wò, torí ó lè jẹ́ ti ọkùnrin. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ìfẹ́ ló ń mú yín gbé àgbo wá, a mọ̀. Ẹ bá wa bi nọ́ọ̀sì kí ẹ tó fún ìyàwó ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn, hádíìsì kan wà nínú Abū Dāwūd tó fi yé wa pé ẹni tó bá ń tọ́jú ènìyàn láìní ìmọ̀ iṣẹ́ náà ni yóò dáhùn fún ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i.

Àmánà ni ara jẹ́ lọ́wọ́ wa. Kí Ọlọ́hun fún àwọn obìnrin wa ní àlàáfíà, kí Ó sọ aláboyún kalẹ̀ ní àńtirò, kí Ó sì wo àwọn aláìsàn wa sàn. Āmīn.